Omi Òkè, Omi Ilẹ̀: Èwo Ni Adójútòfò Ilé Yín Gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ní Houston. Ìwé ínṣọ́ránsì tí báǹkì ní ká gbà wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa ní kò gba omíyalé. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ilé tuntun. Wọn ò rẹ́ yín jẹ. Bí ìjì bá ṣí òrùlé, tí òjò rọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ìwé ọwọ́ yín sábà máa ń gbà á. Bí páìpù bá bẹ́ lójijì nínú ògiri náà ńkọ́? Ó gbà á. Àgbàrá tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni kò gbà. Adójútòfò ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Lọ́dún 2017 tí ìjì Harvey dé, omi dé orúnkún ní pálọ̀ mi. Ìwé tí mo ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún kò fún mi ní kọ́bọ̀. Èmi fúnra mi ni mo wọ́ kápẹ́ẹ̀tì jáde sẹ́bàá títì, àpò ìrẹsì méjì tẹ̀lé e. Ti ìrẹsì yẹn ṣì ń dùn mí.

Adójútòfò omíyalé ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní NFIP, lè san tó $250,000 lórí ilé àti $100,000 lórí ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ti ẹrù lọ́tọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ìjì bá ń bọ̀ o, torí ọjọ́ 30 ló sábà máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ òrùlé nínú ìwé yín. Bí wọ́n bá kọ “actual cash value” síbẹ̀, owó òrùlé ògbólógbòó ni wọ́n máa san, kì í ṣe ti tuntun.