«Qui perd sa langue, perd sa foi»: kí ni wọ́n ń wí gan-an?

Ẹnì kan béèrè ìtumọ̀ òwe yìí, tí àwọn ọmọ Kánádà tó ń sọ Faransé ní New England, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, fi ń tọ́ ọmọ wọn. Ó tún béèrè ìdí tí ríbọ́nù ẹgbẹ́ wọn, tó wà níbi ìpamọ́ ohun àtijọ́, fi ní ẹ̀yìn dúdú.

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Òwe náà ní, ẹni tó bá sọ èdè rẹ̀ nù ti sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù. Ó fara jọ tiwa pé ọmọ tó sọ ilé nù, àpò ìyà ló so kọ́. Àwọn kan ń kà á sí ìgbéraga, ṣùgbọ́n èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárín 1840 sí 1930, nǹkan bí 900,000 èèyàn kúrò ní Quebec, agbègbè tí wọ́n ti ń sọ Faransé ní Kánádà, lọ sí Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ oko ò tó mọ́, gbèsè sì wọ àgbẹ̀ lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ aṣọ ní àwọn ìlú New England bíi Lewiston, Lowell, Manchester (ti New Hampshire, kì í ṣe ti England) àti Fall River ló gbà wọ́n, tọmọdé tàgbà. Àwòrán àwọn ọmọdé ilé iṣẹ́ Amoskeag tí Lewis Hine yà ní Manchester ní 1909 ṣì wà nílẹ̀.

Ọmọ ìjọ Àgùdà ni wọ́n, àmọ́ ọmọ Ireland ló pọ̀ jù nínú àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Látín ni wọ́n fi ń ṣe Máàsì fún gbogbo èèyàn. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wá ńkọ́? Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ló fẹ́ sọ fún Fadá tí kò gbọ́ Faransé? Ní Fall River ní 1884, Fadá wọn tó jẹ́ ọmọ Kánádà kú, Bíṣọ́ọ̀bù Hendricken sì fi ọmọ Ireland rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ kọ̀ jálẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù fòfin de ìsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n sì gbé ẹjọ́ lọ sí Róòmù. Nígbẹ̀yìn, Fadá tó ń sọ èdè wọn ni wọ́n fún wọn. Nǹkan tí òwe yẹn ń sọ gan-an nìyẹn.

Ilé ìwé ìjọ náà ń pín ọjọ́ sí méjì, ìdajì Faransé, ìdajì Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1919, ìpínlẹ̀ Maine ṣòfin pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ nílé ìwé ìjọba, wọ́n sì ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Faransé.

Ríbọ́nù náà, ẹgbẹ́ ìrànwọ́ ló ni ín. Oṣooṣù ni ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó; tó bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ á fún un lówó oúnjẹ; tó bá kú, ẹgbẹ́ á bá ẹbí sin ín. Ojú kan ríbọ́nù ní àwọ̀ títàn àti wajawaja wúrà, tí wọ́n ń gbé síta lọ́jọ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi, 24 oṣù Kẹfà. Tí wọ́n bá ń lọ sìnkú, wọ́n á yí i padà sí dúdú, kí wọ́n tó fi í há àyà. Ọmọ ẹgbẹ́ ò ní ra méjì. Owó iṣẹ́ ilé aṣọ ò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ yìí dáadáa tí ẹ bá rí i, kí ẹ má kàn wo àwòrán nìkan, torí níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí bí aláìní ṣe ń gbé ara wọn ró ní èdè wọn. Irú ìṣọ̀kan yẹn ló bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń gba owó pamọ́, tó sì ń yáni lówó (credit union), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Manchester ní 1908, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ lónìí ni St. Mary's Bank, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́.