Ṣé mastiff ló tóbi jù nínú gbogbo ajá?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdàtán ni mò ń gbé, níbí ní Abẹ́òkúta. Láti ọjọ́ tí àwọn olè ti fò wọ ilé kejì sí tiwa ni ọmọ mi ọkùnrin kò ti jẹ́ kí n sinmi, ó ní dandan ni ká ra ajá. Ẹnìkan wá gbé ọmọ ajá oṣù méjì wá, ó ní mastiff ni, pé kò sí ajá tó máa tó o tóbi láyé. Ọmọ mi ní Great Dane tó wà nílé ọ̀gá òun ga jù ú lọ. Aládùúgbò wa ní irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa, pé Boerboel àti Caucasian ni baba gbogbo wọn. Èwo gan-an ló tóbi jù? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ ibi tí èyí tí wọ́n gbé wá yìí máa dàgbà dé?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ilé, mà. Ọlọ́run á máa bá wa ṣọ́lé. Kò sẹ́ni tó parọ́ pátápátá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ ni pé “tóbi” tí kálukú ń wí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọmọ yín ń sọ gíga, ẹni tó ń ta ajá ń sọ ìwúwo, aládùúgbò yín sì ń sọ bí ajá ṣe kún ojú.

Tí a bá fẹ́ mọ bí ajá ṣe ga tó, a kì í wọ̀n ọ́n dé orí, torí ajá lè na ọrùn, ó sì lè sorí kọ́. Láti ilẹ̀ dé téńté èjìká, níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, ni a máa ń wọ̀n. Téèpù télọ̀ tó fún un. Ní ti ìwúwo, ẹ jẹ́ ká fi àpò sìmẹ́ńtì ṣe àpẹẹrẹ, torí Abẹ́òkúta tó múlé ti Ewékorò kò ní sọ pé òun kò mọ sìmẹ́ńtì. Kílò 50 ni àpò kan.

Mastiff ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní mastiff láìfi orúkọ mìíràn kún un, òun ló wúwo jù nínú àwọn tí ẹ dárúkọ. Akọ rẹ̀ máa ń wọ̀n tó kílò 73 sí 104, abo sì máa ń wà láàrin kílò 54 sí 77. Ìyẹn ni pé akọ tó dàgbà dáadáa lè wọ̀n tó àpò sìmẹ́ńtì méjì, kó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 76 ní èjìká, ó kéré tán. Lọ́dún 1989, mastiff kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Zorba wọ ìwé Guinness. Ó lé ní kílò 155. Àpò mẹ́ta ó lé díẹ̀, mà, lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin!

Tó bá jẹ́ gíga la ń wí, ọmọ yín ló jàre. Akọ Great Dane sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 76 sí 81, kó sì wọ̀n kílò 64 sí 79. (Orúkọ rẹ̀ máa ń tan èèyàn: Jámánì ló ti wá, kì í ṣe Denmark.) Zeus, Great Dane kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 112. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n sára ògiri yín kí ẹ rí ibi tó dé. Irish Wolfhound náà wà, tí akọ rẹ̀ kì í dín ní sẹ̀ǹtímítà 81. Ó ga ju mastiff lọ dáadáa, síbẹ̀ kílò 54 péré ni òmíràn nínú wọn ń wọ̀n, torí tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n dá a.

Boerboel ilẹ̀ South Africa kò ga tó bẹ́ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 61 sí 69 ni akọ rẹ̀, àmọ́ ó lè wọ̀n kílò 68 sí 90. Ẹran ara ló kún inú rẹ̀. Ní ti Caucasian, akọ rẹ̀ kì í dín ní sẹ̀ǹtímítà 68, ó sì máa ń tó kílò 50 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun ló ń mú kó fẹ̀ lójú. A wẹ ọ̀kan níbi iṣẹ́ wa nígbà kan, nígbà tí omi rẹ irun náà mọ́ ọn lára, ẹni tó ni ín pariwo pé, “Dókítà, ṣé ajá mi náà nìyí?”

Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé orúkọ ìdílé ni mastiff ní ọjà ajá. Bullmastiff wà, akọ rẹ̀ jẹ́ kílò 50 sí 59. Cane Corso ilẹ̀ Ítálì wà, kílò 45 sí 50. Neapolitan náà wà, tó máa ń sún mọ́ kílò 70. Mastiff ni wọ́n máa pe gbogbo wọn fún yín, bẹ́ẹ̀ odindi àpò sìmẹ́ńtì kan lè wà láàrin èyí tí ẹ rò pé ẹ rà àti èyí tí ẹ mú délé. Ẹnìkan gbé “mastiff” ọmọ ọdún méjì wá bá mi láti Láfẹ́nwá. A gbé e sórí òṣùwọ̀n, kílò 28. Ọ̀pọ̀ ajá ìbílẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ajá tó dáa ni, àmọ́ owó ńlá ni ọ̀gbẹ́ni náà ti san.

Ẹ má wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ajá láti fi mọ bó ṣe máa tóbi. Àwọn òbí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọmọ ajá ńlá sábà máa ń dé ìdajì ìwúwo rẹ̀ ní bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, àmọ́ mastiff lè má parí ìdàgbà títí di ọdún méjì sí mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ má kánjú bọ́ ọ kó lè sanra. Mo bẹ̀ yín gidigidi, ẹ má fún un ní oògùn kálísíọ̀mù tí dókítà kò kọ, torí kálísíọ̀mù àpọ̀jù ń ba egungun ọmọ ajá ńlá jẹ́, ó sì lè sọ ọ́ di arọ.

Ẹ tún ro oòrùn wa. Ní oṣù kejì sí ìkẹta, tí àpáta ìlú yìí bá gbóná, mastiff tí imú rẹ̀ kúrú àti Caucasian onírun yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko kíá. Ẹ̀mí mastiff kì í sì gùn, ọdún 6 sí 10 ló sábà máa ń lò. Tó bá jẹ́ èmi, nínú ọgbà kékeré, fún ìyá àgbà tí ajá kílò 80 lè fà ṣubú tó bá rí ewúrẹ́, ajá ìbílẹ̀ méjì tó ń gbó dáadáa ni mo máa rà. Gbígbó ló ń lé olè, kì í ṣe kílò.

Bó bá ṣì jẹ́ èyí tí wọ́n gbé wá yìí ni ọkàn ọmọ yín fẹ́, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á mú yín lọ wo ìyá rẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé mastiff wo ni. Kí ẹ mú téèpù dání. Bó bá ní kò sáàyè láti rí ìyá rẹ̀, owó ọmọ ajá lásán ni kí ẹ san, kì í ṣe owó mastiff.