Mámbà dúdú yọ nígbà tí a wà lórí ìrun: ìrun ta ló dára?

Ìbéèrè: Asalaamu alaekun, ààfáà wa. Ìlú Durban ní South Africa ni mo ń gbé. A wà lórí ìrun Íṣáì nílé ọ̀kan nínú wa nígbà tí mámbà dúdú kan, ejò olóró, yọ níbi tí a kó bàtà sí. Àwọn mẹ́ta já ìrun wọn, wọ́n sá jáde. Lèmọ́mù àti àwa yòókù dúró parí tiwa. Ẹnì kan ní àlùjọ̀nnú ni, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìkìlọ̀ fún un fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹlòmíràn ní bí a bá pa á, èkejì rẹ̀ á wá gbẹ̀san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ.

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaamu. Ẹ kú ewu o, ẹ bá mi kí gbogbo jámáà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà àwọn mẹ́ta tó sá jáde, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa fojú aláìnígbàgbọ́ wò wọ́n. Ìrun wọn já, wọn yóò tún un kí, ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́ṣẹ̀ rárá. Ànábì Mùsá, tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, rí i tí ọ̀pá rẹ̀ ń rìn bí ejò, ó pẹ̀yìn dà, ó sá, kò bojú wẹ̀yìn. Ó wà nínú Súúrà Náḿlì, ẹsẹ 10. Ọlọ́hun kò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. "Má bẹ̀rù" ni Ó wí fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ìrun tiyín náà dára. Àmọ́ ẹ má ṣe é mọ́. Hadíìsì tí Abu Huraira gbà wá, tó wà nínú ìwé hadíìsì Abu Dawud àti ti Tirmidhi, sọ pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí á pa dúdú méjì bí a tilẹ̀ wà lórí ìrun: ejò àti àkeekèé. Àwọn onímọ̀ jiyàn lórí bóyá ìrun já bí ẹni náà bá rìn tàbí jà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹni tó ń kírun ni ọ̀rọ̀ náà wà fún.

Mámbà kì í ṣe ohun tí à ń fi bàtà tẹ̀ pa. Ẹ̀rù rẹ̀ tó ń ba aráyé nídìí. Ara rẹ̀ kò dúdú, ó jọ eérú. Inú ẹnu rẹ̀ ló dúdú bíi kóró iṣin. Ó lè gùn ju mítà 3 lọ, oró rẹ̀ sì ń sọ àwọn iṣan tí èèyàn fi ń mí di arọ, títí èémí yóò fi tán lára ẹni tí kò bá tètè rí ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n pé ó ń lé èèyàn kiri, irọ́ ni. Bó bá sáré tán, kò ju bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan, kì í sì í sáré bẹ́ẹ̀ jìnnà. Ihò rẹ̀ ló sábà ń sá lọ. Ẹni tó bá há a mọ́ igun ilé ló ń bù ṣán, léraléra. Nítorí náà, ẹni tó mú ìgbálẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ nítorí hadíìsì yẹn kò gbọ́ ọ yé. Súúrà Bákárà, ẹsẹ 195, kọ̀ fún wa kí á fi ọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun. Ẹ já ìrun, ẹ rọra jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe àwọn tó ń mú ejò ní Durban. Bí wọ́n bá gbé e lọ sínú igbó láàyè, ẹ kò jẹ gbèsè kankan. Nínú ihò àpáta kan ní Mínà, nítòsí Mẹ́kà, ejò kan yọ sí Ànábì Muhammad àti àwọn sàábé (ọmọlẹ́yìn) rẹ̀, Ànábì ní kí wọ́n pa á, ejò náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ànábì ní a ti gbà á lọ́wọ́ aburú yín, bí a ṣe gbà yín lọ́wọ́ aburú tirẹ̀. Ó wà nínú ìwé hadíìsì Bukhari.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe àròsọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, nígbà ogun Kòtò, dé ilé rẹ̀ ní Mẹ̀dínà, ó bá ejò ńlá tó ká jọ sórí ibùsùn. Ó fi ọ̀kọ̀ gún un, òun àti ejò kú, a kò mọ èyí tó kọ́kọ́ kú. Ìgbà náà ni Ànábì sọ pé àwọn àlùjọ̀nnú kan ní Mẹ̀dínà ti gba Ìsìláàmù, kí á kìlọ̀ fún ejò inú ilé fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé Mẹ̀dínà nìkan ni àṣẹ náà wà fún. Ní ọ̀nà Màlíkì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà òfin Ìsìláàmù, tí àwa Yorùbá ń tọ̀, ó dára ní ilé ìlú mìíràn náà, kì í ṣe dandan. Ẹ lè sọ ọ́ láti òkèèrè: "Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́, jáde." Kò sí ẹni tó ní kí ọmọdé máa sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú mámbà títí ọjọ́ kẹta.

Ti ẹ̀san ló dùn mí jù. Ànábì sọ pé ẹni tó bá fi ejò sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ẹ̀san rẹ̀ kò sí lára wa. Ejò kì í ní ọkọ tàbí aya tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń ta tírà fún yín nítorí ẹ̀san yìí, ẹ dá a padà. Ní àṣálẹ́, ẹ máa ka "Aʿūdhu bikalimātillāhi t-tāmmāti min sharri mā khalaq."

Bí ó bá wá ṣán ẹnì kan, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ gbé e lọ kíákíá sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní abẹ́rẹ́ apa-oró ejò àti ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí. Abu Said àti àwọn sàábé kan ka Fátíà sí olórí ìdílé kan lára nígbà tí oró ta á, ó sì dìde. Nítorí náà ẹ ka tiyín, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó ti gbéra ni kí ẹ ti kà á.