Báwo ni Laurie Baker ṣe fi ohun èlò àtijọ́ kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú ní Kerala, ní orílẹ̀-èdè Índíà?

Laurie Baker, ayàwòrán-ilé tí wọ́n bí ní Birmingham ní ọdún 1917, tí ó sì kú sí Thiruvananthapuram ní ọdún 2007, dín owó ilé kù nípa lílo ohun tí ó wà nítòsí àti ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti pa tì. Lójú tèmi, ara ògiri ni ọgbọ́n rẹ̀ ti hàn jù lọ: dípò kí ó tẹ́ bíríkì sílẹ̀, ó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nà ró, tí àlàfo yóò fi wà nínú ògiri náà, èyí ń dín iye bíríkì kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè wọlé. Nínú òrùlé kọnkéré, ó máa ń to táìlì amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ń bo ilé sí apá ìsàlẹ̀, níbi tí kọnkéré kì í ti í ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ó ń lo ilẹ̀kùn àti fèrèsé láti inú ilé tí wọ́n wó. Jali, ògiri onihò tí àwọn ará Índíà ti ń mọ láti ayébáyé, ni ó sì fi rọ́pò ọ̀pọ̀ fèrèsé.