Fáàfù irin inú ọkàn, warfarin àti oògùn tuntun

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o, arábìnrin mi. Ẹ béèrè bóyá ìyá yín, tí wọ́n fi fáàfù irin (ilẹ̀kùn àtọwọ́dá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá) sí lọ́kàn, lè fi warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sílẹ̀ kí wọ́n bọ́ sórí apixaban, oògùn tuntun fún iṣẹ́ kan náà tí aládùúgbò yín ń lò, torí pé kì í béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́. Fáàfù irin wà lọ́kàn tèmi náà láti ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe dán an wò.

Àwọn olùwádìí ti gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n fún àwọn tó ní irú fáàfù yìí ní dabigatran, oògùn tuntun mìíràn bíi apixaban, nínú ìwádìí RE-ALIGN, àmọ́ wọ́n ní láti dá a dúró, nítorí pé nínú ènìyàn 252 tó kópa, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu 9 nínú àwọn tó lo oògùn tuntun náà, kò sì kọlu ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó lo warfarin. Apixaban gan-an ni wọ́n lò nínú ìwádìí PROACT Xa, èyí tí wọ́n tún dá dúró ní 2022 nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń dì lára àwọn tó lò ó ju ti àwọn tó lo warfarin lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkàn aládùúgbò yín kàn ń lù ségesège ni, láìsí fáàfù irin. Fún irú wọn, ìwádìí ARISTOTLE ti 2011 fi hàn pé apixaban dára ju warfarin lọ. Àìsàn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ohun àjèjì tí ẹ̀jẹ̀ ń fara kàn tọ̀sántòru ni fáàfù wa. Ibi kan ṣoṣo ni apixaban ti ń dí ìdì ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí warfarin ń dín mẹ́rin kù nínú àwọn èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń fi fítámì K ṣe.

Wàhálà warfarin kò kéré, mi ò ní tan yín. Nígbà kan tí inú ń yọ mí lẹ́nu, wọ́n kọ Flagyl fún mí ní ilé ìwòsàn kan láìbéèrè oògùn tí mò ń lò tẹ́lẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìfófòó ọṣẹ ìfọyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ojú ibi tí wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́ sì dúdú bí ẹni pé wọ́n lù mí. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, INR mi, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dì hàn, ti ga kọjá ààlà, torí pé Flagyl ń mú kí agbára warfarin pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ warfarin sínú ìwé kékeré kan tí ìyá yóò máa mú dání, kí ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn fún wọn rí i, pàápàá Flagyl àti ibuprofen, tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tó ń lo warfarin.

Ní ti ẹ̀fọ́, àwọn kan yóò ní kí ìyá má fẹnu kan ugu tàbí ewédú mọ́, torí fítámì K inú wọn tó ń dín agbára warfarin kù. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìwọ̀n tí wọ́n ń jẹ ni kí ó dúró déédéé lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí dókítà sì wo ìwọ̀n oògùn mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ owó àyẹ̀wò ló ń lé yín lọ sọ́dọ̀ apixaban, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìfi bò. Bí INR ìyá bá ti dúró dáadáa fún ìgbà pípẹ́, wọ́n lè jẹ́ kí àyẹ̀wò kan jìnnà sí èkejì. Ṣùgbọ́n kí ìyá má ṣe pa oògùn ọjọ́ kankan jẹ nítorí owó àyẹ̀wò.