"Páwúdà bakitéríà wo ni kí n dà sínú táǹkì tó ń rùn?"

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ tó ń wẹ omi ìdọ̀tí ilé wa mọ́ ti ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ láti bí oṣù kan. Mo ti da páwúdà bakitéríà sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ìyàtọ̀. Èwo ló dáa jù? A máa ń pa blower (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú táǹkì) lálẹ́ torí owó iná.

Ìdáhùn: Ẹ má ra òmíì. Blower tẹ́ ẹ ń pa lálẹ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ó máa ń bí mi nínú bí wọ́n ṣe ń ta páwúdà yìí fáwọn èèyàn láìbi wọ́n bóyá atẹ́gùn tiẹ̀ ń wọ táǹkì wọn.

Bakitéríà ò wọ́n níbẹ̀ rárá, omi tó ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọlé ń gbé wọn wá lójoojúmọ́. Àwọn tó ń jẹ ìdọ̀tí láìsí òórùn, ọ́síjìn ni wọ́n ń mí, ó yẹ kó tó bíi mílígíráàmù 2 nínú lítà omi kan. Tẹ́ ẹ bá wá pa ẹ̀rọ mọ́jú, ọ́síjìn yẹn ò ní pẹ́ tán, àwọn tí ò nílò ẹ̀ á gbàjọba, àwọn yẹn ló ń ṣe gáàsì tó ń rùn bí ẹyin. Páwúdà tẹ́ ẹ dà sí i, inú omi tí ò látẹ́gùn yẹn náà ló bọ́ sí, báwo ló ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́?

Ẹ tan blower, kó máa ṣiṣẹ́ bí ìwé tó bá a wá ṣe sọ. (Àwọn kan ní táímà tó ń pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyẹn ò burú, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.) Ẹ yọ fíltà ẹ̀ wò, eruku lè ti dí i. Ẹ wá wo ojú omi, ó yẹ kó máa hó kárí, tó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo ló ti ń hó, rọ́bà tó ń tú atẹ́gùn jáde nísàlẹ̀ ti lè dí tàbí kó ti ya.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ìbumi ọlọ́wọ́ gígùn bu lítà kan níbi tó ti ń hó sínú ike tó hàn kedere, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Ẹrẹ̀ tó wà nínú omi yẹn, inú ẹ̀ ni bakitéríà ń gbé. Èyí tó dáa máa ń ní àwọ̀ búráùn, á rọlẹ̀, omi òkè á mọ́. Tó bá ṣì dúdú, atẹ́gùn ò tíì tó. Tí ẹrẹ̀ bá ju ìdajì ike lọ dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá fa díẹ̀ kúrò, díẹ̀ ni mo wí o, torí tí wọ́n bá fà á tán ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó padà bọ̀ sípò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki orí bọ táǹkì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. Gáàsì yẹn ń pààyàn, tó bá sì pọ̀, imú ò ní gbóòórùn ẹ̀ mọ́. Mi ò rí táǹkì yín lójú, torí náà tó bá ṣì ń rùn lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kó wá yẹ̀ ẹ́ wò.