Orúkọ Wo Lo Fi Ń Wá Wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyá tó bí ìyá mi ṣe nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Mo fẹ́ kọ ìtàn àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba ní agbègbè wa, ṣùgbọ́n n kò rí orúkọ wọn níbì kankan. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Òǹkàwé, Arówómọlẹ̀)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ wo lo fi ń wá wọn? Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá àgbà ni, ó lè máà jáde. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ nígbà tó ṣì wà lómidan, orúkọ bàbá rẹ̀ ló máa wà nínú ìwé-ẹ̀rí. Èmi náà rèé: ó lé lógójì ọdún tí mo ti wọlé ọkọ, orúkọ bàbá mi làwọn tá a jọ wà ní wọ́ọ̀dù ṣì ń pè mí. Wo orúkọ ìrìbọmi náà. Àbẹ̀kẹ́ ilé lè jẹ́ Comfort lẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà, àpótí wọn ni kó o kọ́kọ́ ṣí. Wá ìwé-ẹ̀rí, báàjì àti fọ́tò, kó o sì yẹ ẹ̀yìn fọ́tò wò. Bí ìwé náà bá ti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì wá, kò lè ṣáájú 1947 tí òfin dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, bi mọ̀lẹ́bí pé ta ló ń san owó oṣù wọn. Má tètè pè wọ́n ní nọ́ọ̀sì ìjọba o. Ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi wà nílùú wa, èyí tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1907, tó ti di ti Yunifásítì Bowen báyìí. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ọwọ́ ìjọ ni ìwé wọn máa wà. Bó bá jẹ́ ìjọba, lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Béèrè fáìlì Oyo Prof, ìyẹn ti ẹkùn Ọ̀yọ́ ayé òyìnbó, kó o sì mú pẹ́ńsù dání.

Ṣùgbọ́n kó o tó wọ ọkọ̀ Ìbàdàn, jọ̀ọ́, wá àwọn ìyá tó máa ń fọ wọ́ọ̀dù láyé ìgbà náà, tó máa ń se síríńjì onígíláàsì nínú omi híhó ká tó tún un lò. Ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ nípa wọn. Iṣẹ́ wọn ló gbé tiwa ró, ìwé kì í sì í sábà dárúkọ wọn. Gbé fọ́tò màmá lọ bá wọn. Orúkọ tí wọ́n bá dá mọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀dà fọ́tò náà ni kó o kọ ọ́ sí, má kọ ọ́ sí ti gidi.